Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Santiago: etí òkun àbí inú ilẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo béèrè níjọ́sí pé ṣé etí òkun ni kí èmi àti màámi gbà ni àbí inú ilẹ̀, láti Porto ní Portugal fẹsẹ̀ rìn ìrìn àjò mímọ́ lọ sí Santiago ní Spain, a ti padà sí Ìjẹ̀bú Òde, ayọ̀ la bá dé. Ẹni tó ní ká pa méjèèjì pọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín, tiyín ló ṣiṣẹ́ jù: a tẹ̀lé etí òkun dé Vila do Conde, a yà sínú lọ sí Rates, a wá gba Barcelos, Ponte de Lima àti Tui. Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí iyanrìn etí òkun yẹn, orúnkún màámi ò tiẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀, atẹ́gùn nìkan ló le. Ti pé inú ilẹ̀ ní ibòòji tí ẹ sọ fún wa, òótọ́ ni, àmọ́ òkúta ni wọ́n tò sí ọ̀pọ̀ títì wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta wá, òkè Labruja lẹ́yìn Ponte de Lima náà kì í ṣe kékeré, gàrí Ìjẹ̀bú tá a rẹ láàárọ̀ ló gbé wa gùn ún, màámi ò fẹ́ gbọ́ búrẹ́dì sétí. Redondela ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ẹ rí i pé ẹ gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ sínú ìwé arìnrìn-àjò mímọ́ yín ní 100 kìlómítà tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí ní Santiago. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn tó gba etí òkun láti Caminha ní Portugal sọdá sí A Guarda ní Spain nìkan la ò wọ̀, ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ kó bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.