Ẹ gbà mí, ojú mi ń bó!

Ìyá Ìbejì, Calgary: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ọmọ ọdún 54 ni mí, nǹkan oṣù mi ti dúró, ara mi wá ń funfun bíi ti ọmọdé tó jáde nínú ọyẹ́. Wọ́n ní kí n máa fi retinol, ìpara Vitamin A tó ń dín ìhunjọ awọ kù, pa ojú. Alaalẹ́ ni mo ń pa á, ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Bí omi bá kàn án, ó ń ta mí bí ata. Ìgbéyàwó àbúrò mi ku ọ̀sẹ̀ 2! Ìpara wo ló bá awọ àgbà mu?

Àǹtí Manchester: Pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ dá a dúró lálẹ́ òní. Èmi náà ṣe é rí: pọ́n-ùn 68 fún ìgò kékeré kan, mo lo ìdajì rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, mo rò pé tó bá pọ̀ ni yóò tètè ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi ìbòjú lọ síbi iṣẹ́. Tójú bá ti sàn tí ẹ sì fẹ́ padà sí i, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ti tó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tó mọ́ awọ lára. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, lé e, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 (ìwọ̀n agbára rẹ̀) sí lára.

Bọ̀ọ̀dá Òkè-Fìà, Houston: Èèyàn dúdú àti sunscreen kẹ̀?

Àǹtí Manchester: Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá mi. Oòrùn ló ń mú kí àmì dúdú máa ki sí i lójú wa. Retinol sì ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ.

Ìyá Ìbejì, Calgary: Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kí n tó pa á o.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Háà! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Eérú inú ọṣẹ yẹn le, ó ń fọ òróró ara lọ, awọ tó ti dàgbà kò sì ní òróró púpọ̀ mọ́.

Àlàájà Peckham: Ẹ má dá ọṣẹ dúdú lẹ́bi. Òun ni ìyá mi lò títí wọ́n fi pé ọdún 81, ojú wọn ń dán bí idẹ.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Àlàájà, Òṣogbo ni Màmá wà, òógùn ń jáde lára wọn, òrí sì ń tẹ̀ lé ìwẹ̀ kí omi tó gbẹ. Calgary gbẹ, hítà ń jó láti oṣù kẹwàá. Ọṣẹ kan náà, afẹ́fẹ́ ọ̀tọ̀.

Àlàájà Peckham: Kànrìnkàn ló jẹ̀bi. Mi ò yí ohùn padà.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Àwọn méjèèjì ni. Ìyá Ìbejì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan fún ìsinsìnyí. Kí ojú ṣì tutù díẹ̀, ẹ fi ìpara tó ní ceramide (ọ̀rá tó ń di awọ mú) àti glycerin (tó ń fa omi mọ́ awọ) sí i, èyí tí kò ní òórùn dídùn kankan, kí ẹ fi Vaseline díẹ̀ bò ó. Tó bá ń ṣomi, ẹ lọ rí dókítà.

Bọ̀ọ̀dá Òkè-Fìà, Houston: Ẹ kó wá sí Houston, ooru tiwa ò jẹ́ kí awọ gbẹ.

Àǹtí Manchester: Òjò Manchester ń rin awọ lọ́fẹ̀ẹ́!

Àlàájà Peckham: Ta ló rántí òrí Ọjà Ọba? Àárọ̀ ọyẹ́, ìyá mi á fi pa gìgísẹ̀ wa kó tó di ilé-ìwé, a ó máa dán títí dé Àlẹ̀kúwodò. Mo ń gbóòórùn rẹ̀ báyìí.

Bọ̀ọ̀dá Òkè-Fìà, Houston: Àlàájà, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Ta ló ń lọ sílé fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ?

Àlàájà Peckham: Èmi ni. Ta ló fẹ́ òrí?

Ìyá Ìbejì, Calgary: Kílò 2 fún mi, ẹ ṣeun. Ti ìgbéyàwó yẹn wá ńkọ́?

Àǹtí Manchester: Kílò 1 fún èmi náà, Àlàájà!