Ìdáhùn: "Àwùjọ ta ni?" Lórí aládàáni, àwùjọ àti sogúndogójì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àkọlé tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ìlọrin ní ká bá àwọn yẹ̀ wò. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tó ń kọ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ jẹun bí wọ́n ṣe lè ní ibùdó tiwọn lórí ayélujára, tí kò ní í sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Àkọlé náà ni: "Dídá Àwùjọ Aládàáni Alátakò-Kápítálíìsìmù Sílẹ̀ Lórí Ayélujára fún Òṣìṣẹ́." Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí yín. Iṣẹ́ ńlá lẹ ń ṣe. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú àkọlé yìí tí ara mi ò gbà, ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú "aládàáni" kúrò lọ́nà. Ilé-ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn aládàáni, ilé-iṣẹ́ aládàáni: ohun tí ẹnì kan dá ní, tó sì fi ń pawó, la fi ń mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ka àkọlé yín á rò pé ẹnì kan ló fẹ́ dá ibùdó sílẹ̀ kó lè máa gbowó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Òdìkejì ohun tí ìwé náà ń wí gan-an nìyẹn. "Adádúró" sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní iyè méjì lórí òun náà. Màá padà síbẹ̀.

"Àwùjọ" ló ń dùn mí jù. Àwọn télọ̀ mọ́kàndínlógójì kan ládùúgbò wa ní Òṣogbo ní ojú ìwé lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye tí wọ́n á máa gbà lórí bùbá àti sòkòtò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa oníbàárà tí kì í sanwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ìwé náà pòórá. Ìyá tó jẹ́ akápò wọn gbé fóònù wá bá mi pé kí n bá àwọn ka ohun tó wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: "Ẹ ti rú òfin àwùjọ wa." Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àwùjọ ta ni? Ọjọ́ wo la ṣèpàdé òfin ọ̀hún?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìtumọ̀ tí mo ṣe bá ìwé atúmọ̀-èdè mu, síbẹ̀ irọ́ ni mo pa fún wọn. Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó bá wà láwùjọ lè dìde kó sọ̀rọ̀, bí wọn ò tiẹ̀ gba tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣòfin lé lórí láìpè é, tí wọ́n sì lè tì síta láìbi í ní nǹkan kan, inú ilé onílé ló wà. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ fi "àwùjọ" pe ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn.

"Ojúlé" ni mo fẹ́ ká lò. Ẹ wo Mastodon, ètò ìkànnì kan tó jọ Twitter, tí Eugen Rochko gbé jáde ní Jámánì ní 2016. Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí ayélujára lè gbé e sórí rẹ̀, kó ṣe òfin tirẹ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ sì máa bá àwọn tó wà níbòmíràn sọ̀rọ̀, torí pé ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, ìyẹn ActivityPub tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, fọwọ́ sí ní 2018. Bí ibì kan bá ń hùwà ìbàjẹ́, àwọn yòókù lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Social.coop wà lára wọn: àwọn tó ń lò ó ló ń dá owó tó ń gbé e ró, àwọn náà ló ń dìbò lórí òfin rẹ̀. Agboolé tí a mọ̀ nìyí. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, àgbàlá sì pa gbogbo wọn pọ̀.

Ẹnì kan dábàá "àpapọ̀" fún ìsopọ̀ àwọn ojúlé yìí. Rárá o. Létí ará Nàìjíríà, àpapọ̀ ni Àbújá, ibi tí àṣẹ ti ń wá. Ìjọba àpapọ̀ yẹn náà ló ti Twitter pa mọ́ wa láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022. Ohun tí kò ní olórí kan ṣoṣo kò yẹ kó jẹ́ orúkọ yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ti ẹbí ni agboolé, pé baálé ń bẹ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi di "ojúlé" mú ju agboolé lọ.

Ó wá ku "alátakò-kápítálíìsìmù", ìyẹn ohun tó ń tako ètò ọrọ̀ ajé tí olówó ti ń fi owó wá owó sí i. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń dá ọ̀rọ̀. Bí èèyàn ṣe ń yan ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ ẹ́ lódì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yan iṣẹ́ lódì, ó di ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù, alájẹṣẹ́kù ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tàwìn aṣọ kiri ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn, la bá ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Ohun tí èèyàn ń ṣe ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Kí wá ni kápítálíìsìmù ń ṣe? Ó ń sọ ogún di ogójì. A ti ní ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀: sogúndogójì.

Ẹ ti sọ nígbà kan pé owó èlé nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, pé ìyá olóbì tó wà lọ́jà náà ń jèrè. Òótọ́ ni, ìyá olóbì ń jèrè. Ṣùgbọ́n Karl Marx, ará Jámánì tó kọ̀wé tako kápítálíìsìmù, ya àwọn méjì sọ́tọ̀: ẹni tó ń tà kó lè rà, àti ẹni tó ń rà kó lè tà. Ìyá olóbì ń ta obì kó lè ra gààrí àti ìwé ọmọ. Bí ó bá rí èyí, ọjà ọjọ́ náà ti parí. Ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó, ó sì fẹ́ parí pẹ̀lú owó tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibo ló ti máa sọ pé ó tó? Nígbà tí Elon Musk ra Twitter ní dọ́là bílíọ̀nù 44 ní oṣù kẹwàá 2022, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n yá, ọrùn ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n sì so gbèsè ọ̀hún mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá nǹkan bí ìlàjì àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dúró. Èlé ń bẹ nílẹ̀ láti san. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn ló sọ ibẹ̀ di ibi tó ń tà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohunkóhun.

Nítorí náà, dípò "alátakò", ẹ jẹ́ ká ní kí òṣìṣẹ́ yan sogúndogójì lódì. Àwọn kan ti ń ṣe é. CoopCycle, tó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní 2017, jẹ́ ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ìlú. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àṣẹ ìlò rẹ̀ pé tí ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò kì í bá ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yan olówó lódì.

Lórí "òṣìṣẹ́", ẹ borí mi. "Mẹ̀kúnnù" ni mo fẹ́ tẹ́lẹ̀, torí ìyá akápò yẹn sọ fún mi pé, "Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe," bí ẹni pé àwọn tó ń gbowó oṣù nìkan ló lọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi òwe dá mi lóhùn: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Mi ò tún lè jiyàn mọ́. Òwe yẹn ti gbé télọ̀, lébìrà àti akọ̀wé sínú oòrùn kan náà.

Àkọlé tèmi rèé: "Bí Òṣìṣẹ́ Ṣe Lè Kọ́ Ojúlé Tiwọn Sórí Ayélujára, Kí Wọ́n sì Yan Sogúndogójì Lódì." "Tiwọn" ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ ní kí "aládàáni" ṣe.

"Adádúró" tí mo ní mo máa padà sí ńkọ́? Àwọn télọ̀ yẹn ti ní ojúlé báyìí. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló bá wọn gbé e kalẹ̀. Bí àárò ni wọ́n ń ṣe ìtọ́jú ẹnu ọ̀nà: ọ̀sẹ̀ yìí tèmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tìrẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦500 lóṣù, ìyá akápò ń fi bírò sàmì sí orúkọ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ èsúsú, àròpọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ ₦19,500. "Owó ilé" ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ tún un ṣe fún wọn pé owó ẹ̀rọ ni, wọ́n bá bi mí pé níbo ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà. Mo ní ó wà nílẹ̀ òkèèrè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi í háyà. Wọ́n ní, "Ayálégbé ṣì ni wá nígbà náà." Mi ò lè fi "adádúró" pe ohun tí ìyá yìí ti wò bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, "owó ilé" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òfin ojúlé yẹn, àwọn ló ṣe é. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n ń dà á kọ sínú fíláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí onílẹ̀ bá sì lé wọn, wọ́n lè kó o lọ síbòmíràn. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ló sún mọ́ wọn jù lójú mi: ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, iṣu tó gbìn síbẹ̀ tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ṣì ń lo "ìṣákọ́lẹ̀" lápá ọ̀dọ̀ yín, ṣé ó sì lè gba owó tí wọ́n ń san lórí ẹ̀rọ yìí?