Dìgbòlugi kì í ṣe òkú: lórí orúkọ fíìmù ahoro àti àtẹ̀lé rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo béèrè ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò mi ní Ìkòròdú lè kọ sára pátákó ìpolówó fíìmù wọn. Fóònù ni wọ́n fi ya èyí àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń múra àtiya òmíràn tí yóò máa bá ìtàn náà lọ: àrùn kan ti gba ayé, ìwọ̀nba ènìyàn ló ṣẹ́kù, àwọn tí àrùn mú sì ń lé wọn kiri. Bàbá wa kan láti Ẹ̀pẹ́ dáhùn pé kí wọ́n pè é ní “Fíìmù Akúdàáyà Lẹ́yìn Òpin Ayé, Apá Kejì”. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ó hàn pé wọ́n ronú kí wọ́n tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò lè gba ìkankan wọlé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà.

Ẹ jẹ́ ká mú akúdàáyà ṣáájú. Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ìlú kan, wọ́n sin ín, a tún wá rí i ní ìlú mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó ń ṣòwò, ó ti gbéyàwó, ó ń kí ará àdúgbò ẹ kú àárọ̀. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá ṣalábàápàdé rẹ̀ ni yóò pòórá. Kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ, kì í sì í kó àrùn ranni. Fíìmù tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò kọ́ṣẹ́ ni 28 Days Later, tí Alex Garland kọ, tí Danny Boyle sì darí, tó jáde ní ọdún 2002. Nínú rẹ̀, ìnàkí kan tí wọ́n kó àrùn ìbínú sí lára ní ilé ìwádìí ló fò mọ́ obìnrin kan, kò sì pẹ́ rárá tí ojú obìnrin náà fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ẹlòmíràn. Kò kú. Nígbà tí fíìmù náà ń parí lọ, àwọn aláàrùn wọ̀nyí ti rù kan egungun, ebi ló ń pa wọ́n kú lọ. Òkú wo ni ebi tún ń pa?

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí tipẹ́tipẹ́. Ajá dúdú kan gba àdúgbò wa kọjá ní Sábó nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ká ìrù sábẹ́ itan, itọ́ funfun ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí iyanrìn, kò sì wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu ìyá mi, “Dìgbòlugi!”, gbogbo ilẹ̀kùn ojúlé wa sì tì gbàgà. Inú itọ́ ni àrùn dìgbòlugi wà, eyín ló fi ń ranni, ajá tó bá sì mú kì í mọ ẹni tó ni ín mọ́. Kí ló tún kù tí a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wa? Èmi dábàá pé kí a máa pe àwọn ènìyàn inú fíìmù wọ̀nyí ní dìgbòlugi, tàbí èèyàn dìgbòlugi níbi tí ó bá yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ajá. Nínú 28 Years Later, tó bá ìtàn 28 Days Later lọ, tó sì jáde ní ọdún 2025, ọ̀kan nínú wọn bímọ, àrùn kò sì sí lára ọmọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè sọ pé akúdàáyà náà a máa bímọ nínú ìtàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ara pamọ́ láàárín ènìyàn láti bímọ, tó ń ṣe ohun gbogbo bí ènìyàn, kò jọ ẹni tí ìbínú ti gba orí rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ “òpin ayé” ló dùn mí jù. Òpin ayé tí a ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ìdájọ́ ló tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí yóò tún máa wá oúnjẹ kiri lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí, ayé ò parẹ́. Ènìyàn ló kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí Orò bá jáde ní Ìkòròdú, àwa obìnrin a wà nínú ilé. N kì í gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá, n kì í gbọ́ ohùn oníbúrẹ́dì, gbogbo ìta a dá páropáro. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì a mọ́, oníbúrẹ́dì a sì tún kiri dé ẹnu ọ̀nà mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020. Páropáro ni London inú fíìmù ọdún 2002 dá, bí wọ́n sì ṣe yà á gan-an nìyẹn: ní ìdájí ni wọ́n ń dé ojú títì, wọ́n ń bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kámẹ́rà kékeré Canon XL1 ni wọ́n sì lò, nítorí ó yá gbé kalẹ̀, ó sì yá kó.

Ohun tí ó dá páropáro fún ọjọ́ 28 kò ní rí bákan náà lẹ́yìn ọdún 28. Igbó yóò ti wọlé, òrùlé yóò ti jìn. Ibi tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ahoro. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro ní àwọn ọdún 1830, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ ìlú mìíràn dó pẹ̀lú Aláàfin Àtìbà. Kò sí òpìtàn tó sọ pé ayé parẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Boyle àti Garland padà wá ṣe 28 Years Later, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lọ, sínú igbó àti pápá Northumberland, àti erékùṣù Lindisfarne tí ọ̀nà tó so ó mọ́ ilẹ̀ máa ń rì nígbà tí òkun bá kún. iPhone 15 Pro Max ni wọ́n fi ya púpọ̀ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n to ogún fóònù sórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ “fíìmù ahoro” fún irú fíìmù yìí lápapọ̀. Ní ti pé ó ń bani lẹ́rù, “abanilẹ́rù” ti tó, n kò rí ìjà kankan níbẹ̀.

Ó ku “apá kejì”. Ẹni tó bá ti ra sinimá àgbéléwò rí mọ̀ pé apá kejì jẹ́ ìtàn kan náà tí a gé sí méjì. Ẹni tó ra apá kìíní nìkan kò mọ ìparí. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Ohun tí à ń wí yìí sún mọ́ Ìdòwú: oyún mìíràn ni, láti inú ìyá kan náà. Juan Carlos Fresnadillo, ará Sípéènì, ló darí 28 Weeks Later, tó bá ìtàn 28 Days Later lọ, tó sì jáde ní ọdún 2007, àwọn òṣèré mìíràn ló sì kópa nínú rẹ̀. Kí a má sì pè é ní àfarawé, nítorí ìyẹn ni iṣẹ́ tí àwọn Ikorodu Bois fi gbajúmọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ohun èlò inú ilé ṣe ìpolówó fíìmù olówó ńlá bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. Mo gbé “àbúrò” yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àbúrò kò sọ pé ìtàn náà ń bá a lọ. “Àtẹ̀lé” ló sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn tó ti Ìdòwú létí mi.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé fún àwọn ọmọ náà nìyí: “Fíìmù Ahoro Abanilẹ́rù: Àtẹ̀lé Ìtàn Àwọn Dìgbòlugi”. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹni tó ń kun pátákó yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí bàbá wa ti Ẹ̀pẹ́, tàbí ẹ̀yin tó kù, bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju “àtẹ̀lé” lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ó tó fi ọ̀dà kan án.