"Gígé ìkẹyìn" kò lè dúró fún "final cut"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún bí a ṣe máa túmọ̀ "final cut" sí Yorùbá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù fi ń pe àṣẹ láti pinnu bí fíìmù ṣe máa rí nígbẹ̀yìn: gígé ìkẹyìn, ẹ̀dà olùdarí àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìkẹta yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kú lọ.

"Gígé" ló burú jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n yọ nǹkan kúrò ni, bẹ́ẹ̀ dídá ohun tí wọ́n ti yọ padà ni olùdarí sábà máa ń ṣe. Fíìmù Justice League ọdún 2017 gba ìṣẹ́jú 120. Èyí tí Zack Snyder, olùdarí rẹ̀, gbé jáde ní 2021 gba 242. Ta ló gé kí ni níbẹ̀? Títò ni iṣẹ́ náà: wọ́n á ṣa àwòrán tó dáa, wọ́n á tò ó tẹ̀ léra, wọ́n á fi ohùn sí i. Nítorí náà, "àtòpọ̀" ni mo fara mọ́. "Ìtò" kúrú jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí àwọn èèyàn wa ṣe ń kọ̀wé láìfi àmì sí i. "Ito oludari" gàdàgbà lára páálí fíìmù? Ẹ̀rín á pa ọmọdé.

Ẹ̀dà náà ò bá a mu. Ẹ̀dà 1,000 lè jáde láìsí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. "Ẹ̀yà" ni ká máa pe èyí tí àtòpọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

"Director's cut" wá pé méjì. Èkíní jẹ́ ìpele iṣẹ́: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti to gbogbo ìran bó ṣe wà nínú ìwé eré, àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn olùdarí Amẹ́ríkà máa ń fún olùdarí fíìmù ńlá ní ọ̀sẹ̀ 10, ó kéré tán, láti to tirẹ̀. Àtòpọ̀ olùdarí nìyẹn, kò sì dájú pé aráyé máa rí i. Èkejì ni ẹ̀yà olùdarí, orúkọ tí wọ́n fi ń tajà. Nínú fíìmù Blade Runner ti 1982, ohùn kan ń sọ ìtàn lọ. Ní 1992 wọ́n yọ ohùn yẹn, wọ́n fi àlá ẹṣin oníwo kan sí i, wọ́n ní ti olùdarí nìyí. Ṣùgbọ́n ti 2007 nìkan ni àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ridley Scott, olùdarí rẹ̀, pátápátá.

Àṣẹ yẹn gan-an ni "final cut" inú ìwé àdéhùn. Kì í ṣe fíìmù rárá. Ó sì sábà máa ń ní gbèdéke: iye ìṣẹ́jú, iye owó, ọjọ́ orí àwọn tó lè wò ó. Bí olùdarí bá kọjá ọ̀kan, àṣẹ á bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Olùdarí Orson Welles ti pàdánù tirẹ̀ kí fíìmù rẹ̀, The Magnificent Ambersons, tó jáde ní 1942. RKO, ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù náà, yọ ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40, wọ́n tún ya ìparí mìíràn. Ní Faransé, òfin ní fíìmù ò tíì parí àfi tí olùdarí àti olùgbéjáde (producer) bá jọ fẹnu kò sórí ẹ̀yà ìkẹyìn. Ẹ ò rí i pé a ò lè fi orúkọ olùdarí sínú ọ̀rọ̀ náà? "Àṣẹ àtòpọ̀" tó: ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́ aláṣẹ àtòpọ̀.

Ó ku "olóòtú", tí àwọn kan ń lò fún olùgbéjáde, tí àwọn mìíràn ń lò fún ẹni tó ń to fíìmù. Èmi á ní ká pe ìkejì ní atòpọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó mú un wá.