Òdo nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi ti sọnù, gbèsè wọn sì dín kù

Aláṣọ Ouando:
Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará mi. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí. Inú ìwé ni mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi tẹ orúkọ àwọn 212 sínú Excel, ó sì kó wọn sínú sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ni nǹkan bá dàrú. Nọ́ńbà fóònù tó fi 01 bẹ̀rẹ̀ ti di 1. «Ṣadé» di «?adé». Ìyá kan jẹ mí ní 25.000 fàráńkì, 25 péré ni mo bá níbẹ̀! Ṣé kí n máa tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni? Àwìn ni mo fi ń tajà, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọ Kétu:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún fáìlì náà ṣe, kí ẹ tó kó o wọlé padà. Bí ẹ bá ti tajà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn lórí ẹ̀rọ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ná.

Excel ló gé òdo yẹn. Iye ló ka nọ́ńbà fóònù sí. Láti 30 November 2024 tí nọ́ńbà wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní 8 tó di 10, tí 01 sì wà níwájú gbogbo rẹ̀, mi ò rí oníṣòwò tí èyí ò dà láàmú. Ẹ sọ òpó fóònù di «Texte» kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà sí i. Ẹ ṣe òpó IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fáìlì pamọ́ sí «CSV UTF-8», irú fáìlì tó ń pa àmì lẹ́tà wa mọ́, Ṣadé á padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi Excel ṣí CSV náà mọ́, á tún gé òdo; Notepad ni kí ẹ fi wò ó.

Ti owó: ẹ kọ 25000, láìsí àmì kankan láàárín. Àmì yẹn ni ẹ̀rọ fi pè é ní 25.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́:
Àbúrò mi, fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bíi K001, K002. Ìyá Bọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Ẹ̀rọ da gbèsè wọn pọ̀, mo sì lọ sin gbèsè lọ́wọ́ obìnrin tí kò jẹ mí ní fàráńkì kan, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Títí di òní, kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́.

Oníṣirò:
Gbèsè àtijọ́ kì í ṣe ọjà tuntun o. Ẹ kọ ọ́ sí 411, ìyẹn àkáǹtì àwọn oníbàárà, bí gbèsè tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ọjà tí ẹ tà lọ́dún yìí.

Aláṣọ Ouando:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni mẹ́ta la kọ́kọ́ fi dán an wò lánàá, òdo wọn pé. Lónìí a kó gbogbo wọn wọlé. Àpapọ̀ gbèsè inú ìwé àti ti inú ẹ̀rọ fi 4.500 yàtọ̀; ojú ewé kan lẹ̀ mọ́ èkejì, ẹnì kan ló wà níbẹ̀.