Ẹ̀yìn ti ń ro ìyá mi láti oṣù 8: kí la lè ṣe láìṣe iṣẹ́ abẹ?

ỌmọAránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aránṣọ ni ìyá mi, ẹni ọdún 52 ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lókè ìdí gan-an, ló ń ro wọ́n láti nǹkan bí oṣù 8. Ó máa ń le tí wọ́n bá ti jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá rìn díẹ̀, á rọ̀. Kì í sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún, ẹsẹ̀ wọn kò sì kú. Wọ́n ya MRI (àwòrán inú ara), èsì ní "disc bulge L4/L5" (dísìkì, ìyẹn ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ti wú síta) àti pé eegun ẹ̀yìn ti ń gbó. Àtìgbà tí wọ́n ti rí ìwé yẹn ni wọn ò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìgbànú ẹ̀yìn ni wọ́n ń dè láti àárọ̀ di alẹ́, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń sùn. Dókítà ní kò tíì kan iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kò ṣàlàyé ohun tó kàn. Àwọn aládùúgbò ní jẹ̀dí ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí wọ́n máa ṣe, báwo ni kó ṣe pọ̀ tó, kí sì ni kí wọ́n fi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ eré ìdárayá, ẹ bi màmá ní nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ìtọ̀ ń há, àbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára wọn láìmọ̀? Ṣé ojú ara àti àárín itan ti kú, tí wọn kò mọ ìfọwọ́kàn níbẹ̀ mọ́? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀la. Nǹkan ti ń fún àwọn iṣan tó ń darí àpò ìtọ̀ nìyẹn, tó bá pẹ́, ó lè má san tán mọ́. Irú èyí ni iṣẹ́ abẹ kánjúkánjú wà fún.

Ẹ tún wò ó bóyá ibà, òógùn òru, ikọ́ tó ti pẹ́ tàbí ara tó ń rù láìnídìí wà níbẹ̀, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń jẹ eegun ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ríro tuntun pa mọ́ fún dókítà. Ọkùnrin tó bá sì ń ka èsì yìí, tó ti lé ní 50, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sinmi lóru: jẹjẹrẹ próstéètì máa ń ràn dé eegun ẹ̀yìn, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn tó ń rọ̀ téèyàn bá rìn, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ti màmá, kò jọ àwọn wọ̀nyẹn.

FísíòỌ̀yọ́:
Nọ́ọ̀sì ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ó kan ìwé MRI yẹn, torí lójú tèmi òun ló ń de màmá ju ìgbànú lọ. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kó àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn kò ro rárá. Nínú àwọn ẹni ogún ọdún, 30 nínú 100 ni dísìkì wọn ti wú síta. Nínú àwọn ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti di 60. Ní ti gbígbó, 80 nínú 100 àwọn ẹni àádọ́ta ọdún ló ní in, wọ́n sì ń lọ wọ́n ń bọ̀, ẹ̀yìn kò dùn wọ́n. Ohun tí ìwé màmá sọ lè jẹ́ òótọ́, kó má sì jẹ́ òun ló ń ro wọ́n.

Ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3 kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ìpalára ṣe tó mọ́. Ara ti di ọmọ àkẹ́bàjẹ́: ohun kékeré, á ké gbàjarè. Àìsùn, ìbẹ̀rù àti àìrìn ló ń bọ́ ọ. Tí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹran ìdí àti ti ẹ̀yìn á rọ, ọjọ́ tí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀, á dùn wọ́n, wọ́n á sì rò pé dísìkì ló tún yọ.

Ìrìn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí á fi di ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Nínú ìwádìí kan ní Australia tó jáde lọ́dún 2024, àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti san ni wọ́n ní kí wọ́n máa rìn báyìí. Kí ẹ̀yìn tó tún ro ìdajì wọn, ọjọ́ 208 ti kọjá. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò rìn, ọjọ́ 112 péré ni.

Lẹ́yìn náà, eré alágbára, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún, kí wọ́n gbé ìdí sókè títí àyà, ikùn àti itan á fi wà lójú ìlà kan. Kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ìgbà 10, ọ̀wọ́ 2 (ìgbà 10, kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tún ṣe ìgbà 10). Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń rẹ̀ wọ́n dípò ìdí, ẹsẹ̀ ti jìnnà jù: kí wọ́n fa gìgísẹ̀ súnmọ́ ìdí. Èkejì, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ tẹlẹ̀, kí wọ́n na apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 8, ìgbà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ga jù. Ikùn á jábọ́, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ wọnú. Ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju ìdí lọ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa dìde lórí àga kí wọ́n sì máa jókòó pa dà láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà 10, ọ̀wọ́ 2.

Ó máa dùn wọ́n díẹ̀. Láti 0 dé 10, bí ìrora bá dé 4 tàbí 5 lẹ́nu eré, tó sì ti pa dà sí bó ṣe wà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kí wọ́n máa bá a lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì, kí wọ́n má ṣíwọ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni pé ọjọ́ tí ara bá yá, wọ́n á fọ gbogbo aṣọ ilé, wọ́n á sì fi ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e dùbúlẹ̀. Aago ni kó sọ ìgbà tí wọ́n á dúró. Kí wọ́n má retí ìyàtọ̀ gidi kó tó pé ọ̀sẹ̀ 6.

Ìgbànú: nínú ìlànà tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) gbé jáde ní December 2023, wọ́n ní kí a má máa fi í tọ́jú ẹ̀yìn tó ti pẹ́. Kí wọ́n tú u fún wákàtí 1 lóní, kí wọ́n máa fi wákàtí kan kún un lọ́jọ́ méjì-méjì. Ilẹ̀ lásán náà kò ṣe wọ́n lóore. Nígbà tí wọ́n fi tìmùtìmù líle wé èyí tó le níwọ̀nba, ní Spain lọ́dún 2003, èyí tó le níwọ̀nba ló dára jù fún ẹ̀yìn.

ApòògùnẸ̀gbá:
Ti oògùn. Ìlànà WHO yẹn kan náà kò fọwọ́ sí paracetamol tàbí àwọn oògùn ìrora líle bíi tramadol fún irú ẹ̀yìn yìí. Ibuprofen lè ṣèrànwọ́ nígbà tó bá gbóná: 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ọjọ́ mélòó kan péré, kí wọ́n lè máa rìn. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fẹnu kàn án. Kí wọ́n má da diclofenac tàbí Alabukun pọ̀ mọ́ ọn. Aspirin wà nínú Alabukun, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ikùn kan náà ni wọ́n sì jọ ń dá ọgbẹ́ sí. Abẹ́rẹ́ ìdí lemọ́lemọ́, rárá. Tí ẹni tó ń gún un bá ṣì í gún, iṣan ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀ lè bà jẹ́, kí ẹsẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀.

Ní ti jẹ̀dí, ẹ bá mi sọ fún àwọn aládùúgbò pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ṣúgà kì í lọ gúnlẹ̀ sí eegun ẹ̀yìn. Bí ìgbẹ́ bá ń há, fífipá yà á lè mú ẹ̀yìn ro sí i, ìyẹn ni inú fi máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn àgbo. Àmọ́ àgbo kò lè mú ẹran ìdí tó ti rọ le. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni hóró tí kò lórúkọ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà ní gáréèjì. Sítẹ́rọ́ìdì lè wà nínú rẹ̀. Á pa ìrora lóòótọ́, á sì máa sọ eegun di ẹlẹgẹ́ lábẹ́lẹ̀, á gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

ỌmọAránṣọ:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Iṣẹ́ wọn ńkọ́? Wákàtí 7 sí 8 ni wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gé aṣọ, àwọn náà ló ń pọn omi.

FísíòỌ̀yọ́:
Kí wọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí fóònù máa dún ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n fọwọ́ ti ìbàdí, kí wọ́n rọra tẹ̀ sẹ́yìn ní ìgbà 5, kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n pa dà. Kò sí ìjókòó kan tó dára tó láti jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 3. Kí ìdí ga ju orúnkún lọ díẹ̀ lórí àga, ìrọ̀rí pẹlẹbẹ lè ṣe é, kí wọ́n sì fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ dípò kí wọ́n máa nàgà sí i. Aṣọ gígé, orí tábìlì tó ga dé ìbàdí.

Omi líítà 20, kílò 20 ni. Kí wọ́n pín in sí garawa méjì, ọwọ́ kan ọ̀kan.

Bíbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, kí wọ́n tún un kọ́ ni. Kí wọ́n gbé igi ìgbálẹ̀ sẹ́yìn kó kan orí, àárín èjìká àti òkè ìdí. Kí wọ́n rọ orúnkún díẹ̀, kí wọ́n ti ìdí sẹ́yìn, kí wọ́n tẹ̀ síwájú láìjẹ́ kí igi kúrò ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà 10 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú àpò kílò 5 dání.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ mú wọn lọ sí ẹ̀ka físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn, LUTH tàbí ọsibítù eegun Igbóbì l'Ékòó, èyí tó bá súnmọ́ yín. Ẹni tó máa kọ́ wọn ní eré tó sì máa fi kún un lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníná nìkan ni wọ́n ń gbé lé ẹ̀yìn wọn tí wọ́n sì ń ní kí wọ́n máa lọ, ẹ wá ibòmíràn.