Bàbá àgbà mi ṣiṣẹ́ ní usine (ilé ẹ̀rọ) epo Avrankou, ibo ni mo ti lè rí ìwé wọn?

ỌmọÌdẹ́nà:
Ẹ kú ilé o. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Kétu ni wá ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni wọ́n bí mi sí. Bàbá tó bí bàbá mi, ohun tá a mọ̀ nípa wọn ò ju pé wọ́n kúrò ní Kétu nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè, wọ́n wá ríṣẹ́ sí usine epo tí ìjọba Faransé kọ́ sí Avrankou, wọ́n sì kú kí bàbá mi tó gbọ́njú. Kò sí fọ́tò wọn kankan nílé.

Nígbà tí màmá àgbà papòdà, èmi ni wọ́n ní kí n tú àpótí páànù wọn. Abẹ́ aṣọ òfì ni mo ti bá ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Káàdì iṣẹ́ kan wà níbẹ̀, àtàǹpàkò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dípò sáìnì, tádàwá aláró yẹn ṣì hàn kedere débi pé o lè rí ojú àpá kan tó gba àárín ìka náà kọjá. Bulletin de paie (ìwé owó iṣẹ́) wà níbẹ̀ náà, ikán ti jẹ etí wọn, pẹ̀lú jugement supplétif (ìwé ilé ẹjọ́ tó dúró fún ìwé ìbí) kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ wọn ò bára mu. Lórí káàdì, "Ogoundélé Kétou", orúkọ ìlú ni wọ́n fi ṣe orúkọ bàbá. Lórí bulletin, "Ogoudélé A." Káàdì ní wọ́n bí wọn ní nǹkan bíi 1922, jugement ní 1928. Bulletin tó wà níbẹ̀, láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún nìkan ni, lọ́dọọdún, àwọn oṣù yòókù ò sí.

Ṣé ẹnì kan náà ni wọ́n àbí èèyàn méjì? Ibo sì ni ìwé usine yẹn wà? Mo ti dé ọ́fíìsì kan, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Tísà_Àjàṣẹ́:
Àbúrò, o kú iṣẹ́, ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ọ̀pọ̀ ìdílé ò ní in. Kọ́kọ́ wo numéro matricule (nọ́ńbà òṣìṣẹ́) lórí káàdì kó o sì wò ó lórí bulletin. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ẹnì kan náà ni, má wo sípẹ́lì rárá. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ nígbà yẹn, bó ṣe gbọ́ ọ létí ló ń kọ ọ́, Ògúndélé lè di mẹ́rin lọ́wọ́ akọ̀wé mẹ́rin. Tó o bá ń wá orúkọ nínú rẹ́gísítà, wá a lábẹ́ O, wá a lábẹ́ G torí wọ́n máa ń gé iwájú ẹ̀ kúrò, kó o sì wá a lábẹ́ K nítorí Kétou yẹn.

Ìwé usine gan-an, mi ò ní gbà ẹ́ níyànjú pé kó o fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn usine yẹn, Avrankou, Gbada, Ahozon, Bohicon, ìjọba ló kọ́ wọn, lẹ́yìn òmìnira 1960 wọ́n kó wọn sábẹ́ SNAHDA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn usine epo, lẹ́yìn náà ọwọ́ tún ń yí, ìwé sì ń fọ́n ká bí ọwọ́ ṣe ń yí. Ọ̀nà tó yá ni ìwé àwọn ọmọ wọn. Òfin iṣẹ́ tí Faransé ṣe lóṣù Kejìlá 1952 ló ṣí ọ̀nà fún allocation familiale (owó ọmọ), nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gba owó ọmọ gbọ́dọ̀ mú acte de naissance (ìwé ìbí) ọmọ náà wá. Torí náà àwọn bàbá tí kò ní ìwé tiwọn rárá sáré lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nílùú wọn. Orúkọ bàbá, iṣẹ́ ẹ̀ àti ibi tó ń gbé wà lórí acte yẹn. Lọ sí mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) Avrankou, béèrè gbogbo ọmọ tó ní bàbá yẹn, má béèrè bàbá tìẹ nìkan.

Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ kọjá 1958, wo ìsàlẹ̀ bulletin bóyá wọ́n kọ IPRAO síbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì nìyẹn, Dàkáà ni olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà. Tó bá wà níbẹ̀, mú nọ́ńbà yẹn lọ sí CNSS, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Benin.

Ìyá Súrà:
Ọmọ mi, má jẹ́ kí oṣù tí kò sí yẹn dà ẹ́ láàmú. Bàbá tèmi ṣe usine ní Gbada. Àsìkò tí ẹyìn bá pọ̀ ni wọ́n ń gba journalier (òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́), látìgbà tí ọyẹ́ bá lọ títí òjò á fi dé, tí ẹyìn bá ti dín kù wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ ilé, ìwọ̀nba àwọn tó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Wọn ò lé bàbá àgbà ẹ o, oko ni wọ́n padà sí, bóyá Kétu náà ni.

Ẹyìn sì tún máa ń wọ́n wọn nígbà míì tó bá tiẹ̀ wà lórí igi, torí àwọn ìyá wa ò fẹ́ ta á fún usine. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ tiwọn nílé, wọ́n ń ta epo fúnra wọn, èkùrọ́ tún jẹ́ tiwọn. Tó o bá gbé ẹyìn fún usine, o ti gbé èkùrọ́ lọ nìyẹn, kí ni obìnrin á wá fi ra aṣọ? Bàbá mi á ní ẹ̀rọ dúró lónìí, ìyá mi á sì máa tẹ ẹyìn lẹ́yìnkùlé.

Iṣẹ́ yẹn le. Ooru tí wọ́n fi ń se ẹyìn kí wọ́n tó fún un, ó máa ń bó wọn lọ́wọ́. Ojú àpá tó o rí lórí àtàǹpàkò yẹn, bàbá mi ní irú ẹ̀ lápá.

ỌmọṢábẹ̀ẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Tísà ti sọ èyí tó pọ̀. Tèmi ni jugement supplétif yẹn. Ẹnu ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbí, torí náà 1922 àti 1928 ò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó níye lórí níbẹ̀ ni orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí nísàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tàbí ará ìlú wọn ni. Wá ìdílé wọn.

Fún ọjọ́ orí, Kétu lọ́nà tiẹ̀. Dàhòmì kó ìlú yẹn ní 1886, ó dahoro, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ọba Dàhòmì tán ni wọ́n tún un tẹ̀ dó, ní nǹkan bíi 1894. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín bóyá oko ẹrú ní Àgbómẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wọn sí tàbí lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé Kétu ló mọ ìyẹn. Kó o sì ní kí ìyá àgbà kan ki oríkì ilé yín, gbà á sórí fóònù, torí oríkì lè sọ ilé tí bàbá wọn ti wá, káàdì iṣẹ́ ò lè sọ ọ́.

ỌmọÌdẹ́nà:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á san án fún yín. Matricule bára mu! Mo sì ti dé mairie. Wọ́n bá mi rí acte kan, ọmọbìnrin, bàbá ẹ̀ ni "Ogoundélé, ouvrier, demeurant à Avrankou" (òṣìṣẹ́ tó ń gbé Avrankou), ṣùgbọ́n orúkọ ìyá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe màmá àgbà wa. Ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́rìí jugement sì ní orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú ìyá yẹn. Bàbá mi ò mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní kí n wá ẹ̀gbọ́n náà rí. Mo gbọ́ pé ìdílé ìyá yẹn ṣì wà ní Avrankou. Ṣé kí n kàn lọ ni?

Tísà_Àjàṣẹ́:
Má dá lọ, má sì gbé ìwé lọ́wọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ lágbègbè yìí, ẹni tó bá ti yọ ìwé ìdílé jáde, wọ́n á rò pé ilẹ̀ ló wá gbà tàbí tó fẹ́ tà. Mú bàbá ẹ dání, kí àgbà kan tó mọ ilé náà ṣáájú yín, ẹ gbé obì dání. Kí bàbá ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹbí ni ẹ ń wá, ẹ ò wá pín ohunkóhun. Bí ẹ̀gbọ́n yẹn bá ṣì wà láyé, wọ́n lè ní fọ́tò. Ya ìwé ẹ gbogbo sórí fóònù kó o tó lọ, iwájú àti ẹ̀yìn, kó o fi ojúlówó sílẹ̀ nílé.

Ìyá Súrà:
Kó o sì mú káàdì oníka yẹn hàn wọ́n lórí fóònù tí ọ̀rọ̀ bá ti rọ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ wọn ni, wọ́n á mọ àpá yẹn.

ỌmọÌdẹ́nà:
Mo gbọ́, mà. Bàbá mi ti pe ọ̀rẹ́ wọn kan ní Avrankou, òun ló máa ṣáájú wa lọ lọ́jọ́ Sátidé.